Oògùn Ọ̀fẹ́ Nìkan Kò Tó: Iṣẹ́ Ìjọ Láàárín Àwọn Ìdílé Aláìní tí HIV Bá Jà

Ní ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ kéde ní Nàìjíríà pé àrùn éèdì ti dé àárín wa. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa fi sọ ọ́ ní àrùn kògbóògùn. Orúkọ náà bá a mu nígbà náà, nítorí kò sí oògùn tí ó lè kápá HIV, kòkòrò tí ó ń fà á. Ìtìjú sì bá àrùn náà rìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa fi ohun tí ó pa òkú wọn pamọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti fi mi ìlú tìtì ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí ó sọ ní gbangba pé éèdì ni ó pa àbúrò òun, Fẹlá. Àlùfáà tí ó tún jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà ní Abẹ́òkúta ni bàbá tí ó bí àwọn méjèèjì. Òtítọ́ tí ó ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Lónìí, orúkọ àtijọ́ náà kò bá àrùn yìí mu mọ́. Lóòótọ́, a kò tíì ní oògùn tí gbogbo aláìsàn lè lò kí kòkòrò náà kúrò lára wọn pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò kò ní rí i mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà bẹ́ẹ̀, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Bí ìyá tí ó ní in kò bá gba ìtọ́jú kankan, nǹkan bí 15 sí 45 nínú 100 ọmọ ni ó lè kó o nínú oyún, nígbà ìrọbí tàbí nínú ọmú. Bí ìtọ́jú tó péye bá wà, wọn kì í tó 5. Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó tún ń pa àwọn aláìní? Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ dé ilé-ìwòsàn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Opó tí ń ta àkàrà kò lè fi ọjà sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí àwọn ọmọ rẹ̀ má fi ebi sùn. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oògùn pàápàá a máa ni ikùn òfìfo lára. Bí ó bá lò ó lónìí, tí ó fi í sílẹ̀ lọ́la, kòkòrò náà lè mọ oògùn lójú débi pé kò ní ràn án mọ́. Nígbà tí ìyá bá wó lulẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ni yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀, ìyá arúgbó yóò sì tún di ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Báyìí ni àrùn ẹnì kan ṣe ń di òṣì gbogbo ilé. Ibi tí iṣẹ́ dókítà parí sí yìí gan-an ni iṣẹ́ ìjọ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sáḿbíà, ilé-ìwòsàn Chikankata wà, tí í ṣe ti ìjọ Salvation Army. Ní ọdún 1987, kí oògùn tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn ní abúlé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ará ilé bí a ti ń ṣe ìtọ́jú náà. Ẹni tí ó bá lọ sílé aláìsàn yóò rí ohun tí a kì í rí ní ilé-ìwòsàn: ìkòkò tí ó ṣófo, òrùlé tí ń jò, ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì. Ní Ùgáńdà, Gideon Byamugisha, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, sọ ní gbangba ní ọdún 1992 pé òun ní kòkòrò náà. Wọn kò gba iṣẹ́ àlùfáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di olùkọ́ fún àwọn ìjọ káàkiri Áfíríkà lórí bí a ti ń mú ìtìjú kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ìjọ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde lè ṣe nílé wa?

Èkíní, kí a san owó ọkọ̀ ọjọ́ ilé-ìwòsàn, kí a fi oúnjẹ ránṣẹ́, kí a sì wá owó òwò díẹ̀ fún ìyá tí ara rẹ̀ bá ti yá.

Èkejì, kí a san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ láti inú àpò kan náà tí a fi ń ran gbogbo ọmọ aláìní lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ìdí rẹ̀. Kí a má ṣe tò wọ́n síwájú ìjọ láti ya fọ́tò.

Ẹ̀kẹta, bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí a fọkàn tán ti tó láti mọ̀. Èsì àyẹ̀wò àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàápàá kọ̀ ọ́ pé kí a ṣe ẹ̀tanú sí ẹni tí ó ní HIV níbi iṣẹ́ tàbí ní ilé-ìwé.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa àlùfáà má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó da oògùn nù nítorí pé a ti gbàdúrà fún un. Olúwa wa fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀, ó wò ó sàn, síbẹ̀ ó rán an lọ sọ́dọ̀ àlùfáà fún àyẹ̀wò. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ó bá yà wọ́n nípa lè fi ẹ̀mí ọlọ́mọ ṣòfò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde àti ẹ̀yin òbí, àkókò ọpẹ́ ni àjọ̀dún yìí. Bí a ti ń dá owó láti tún ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ ìyá kan tí ń lọ gba oògùn, àti fún àga ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì. Bí ìyá náà bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ọmọ náà yóò lè jókòó síbẹ̀ títí yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá.