Láptọ́ọ̀pù Ń Ta Pàràpàrà? Ẹ Má Tíì Tú Àpò!



Ọmọ mi tó wà ní LASU gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ìsọ̀. Ohùn rẹ̀ á dún dáadáa. Tó bá yá, á máa ta pàràpàrà bí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná. Atúnṣe kan ní àfi ká ra sípíkà tuntun. Owó ọjà ni mo fẹ́ yọ o!

Atúnṣe mìíràn ní Alábà ló ní, "Màmá, ẹ dúró ná." Ó ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Bí ohùn bá mọ́ nínú íápíìsì, sípíkà ló níṣẹ́. Tiwa ò mọ́. Ó wá yọ ṣájà, ó fi bátìrì nìkan lò ó. Kíá, ariwo dákẹ́! Ṣájà ọ̀pọ́ tí a rà ló fà á. Iná jẹnẹrétọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí tiyín ò bá dákẹ́ lórí bátìrì, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, kí atúnṣe wo ètò ohùn inú rẹ̀ kó tó tú u.

Ṣájà la pààrọ̀. Owó sípíkà ṣì wà nínú ọjà. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.