Fèrèsé Orí Ọkọ̀ Tó Ń Pariwo

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó ń ti Yúróòpù wọ èbúté Kútọnu ló ní fèrèsé lórí. Bí tiyín bá ń pariwo lójú ọ̀nà Godomey, ẹ tì í pa dáadáa, kí ẹni tó jókòó tì yín fi àtẹ́lẹwọ́ tì í sókè. Bí ariwo bá dákẹ́, rọ́bà etí rẹ̀ ló ti gbẹ tàbí bóòtù rẹ̀ ló tú. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rọ́bà, kí ó gbẹ, kí ẹ fi òróró sílíkónì pa á. Ẹ má fi ẹsáǹsì kàn án o, rọ́bà yóò bàjẹ́ ni! Lẹ́yìn náà, ẹ mú bóòtù le.

Kí òjò tó dé, ẹ rọra da omi díẹ̀ sí igun fèrèsé náà. Abẹ́ ọkọ̀ ló yẹ kí ó gbà jáde. Bí kò bá jáde, ojú omi ti dí. Orí wáyà iná ọkọ̀ ni òjò máa ń dà sí nígbà náà.