Mánà, Oúnjẹ Tí Kì í Mọ́jú

Ìbéèrè ni orúkọ mánà. Ní òwúrọ̀ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọ́kọ́ bá a nílẹ̀ ní aginjù Sínì, láàárín Élímù àti òkè Sínáì, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní “man hu?” ní èdè Hébérù, ìyẹn ni pé “kí lèyí?” Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè yẹn ló di orúkọ. Odindi ogójì ọdún ni wọ́n fi ń jẹ Kí-lèyí: wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, wọ́n ń gún un lódó, wọ́n ń sè é ní ìkòkò, wọ́n ń fi í ṣe àkàrà.

Tí a bá gbọ́ mánà lẹ́nu àwọn oníwàásù wa lónìí, owó òjijì ló sábà máa ń túmọ̀ sí: oore tó já lu èèyàn láti òkè, tí kò ṣiṣẹ́ fún. Àdúrà dáadáa ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ ka Ẹ́kísódù orí 16 á rí i pé mánà inú Bíbélì kò jọ owó òjijì rárá. Ó ní òṣùwọ̀n, ó ní àsìkò, ó ní òfin, ó sì ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá rú òfin náà. Inú àwọn òfin yẹn gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ nípa ti ẹ̀mí wà, kì í ṣe nínú adùn rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Íjíbítì, ebi dé. Ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òkun tó là sí méjì lójú wọn níjelòó ti di ìtàn, ìkòkò ẹran Íjíbítì ni wọ́n ń rántí. (Ẹrú ni wọ́n ní Íjíbítì o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í rántí pàṣán.) Ọlọ́run sọ fún Mósè pé òun máa rọ òjò oúnjẹ láti ọ̀run. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti sọ pé kí àwọn èèyàn máa jáde lọ kó ti òòjọ́ lójoojúmọ́, kí òun lè fi dán wọn wò, bóyá wọ́n á tẹ̀lé òfin òun tàbí wọn ò ní tẹ̀lé e. Oúnjẹ àti ìdánwò jọ dé pọ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, àparò bo ibùdó. Ní òwúrọ̀, ìrì sẹ̀ yí ibùdó ká. Nígbà tí ìrì gbẹ, nǹkan wínníwínní funfun kan ṣẹ́kù sílẹ̀. Ómérì kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ómérì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá éfà. Bí a bá fojú bù ú, kò jìnnà sí kóńgò kan tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà wa. Àwọn kan kó púpọ̀, àwọn kan kó díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ómérì wọ̀n ọ́n, ti ẹni tó kó púpọ̀ kò lé, ti ẹni tó kó díẹ̀ kò sì dín. Ẹni tó bá sì fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ tètè jí, torí pé bí oòrùn bá ti mú, gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ á yọ́.

Mósè ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣẹ́ nǹkan kan kù di ọjọ́ kejì. Ẹ mọ ìwà ọmọ aráyé. Àwọn kan fi tiwọn pamọ́ sí kọ̀rọ̀ àgọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdin ti bò ó, ó sì ń rùn. Ẹni tí wọ́n ti mú iná lọ nílé rẹ̀ láti àná, tó ń fi ìbẹ̀rù ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ní òwúrọ̀, mọ irú òórùn tó gba inú àgọ́ náà. Inú bí Mósè.

Ọjọ́ kẹfà ló wá mú kí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ómérì méjì méjì ni wọ́n kó, torí pé ọjọ́ keje jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, mánà kò ní rọ̀. Wọ́n tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù mọ́jú. Kò rùn, kò sí ìdin níbẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni, àgọ́ kan náà, ooru aginjù kan náà. Àwọn tí kò gbọ́ràn tún jáde lọ́jọ́ keje láti wá a, òfo ni wọ́n bá bọ̀. Lẹ́yìn èyí, Mósè sọ fún Áárónì, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ṣe pàṣẹ, pé kó bu ómérì kan sínú ìkòkò, kó gbé e síwájú Ẹ̀rí, ìyẹn Àpótí Májẹ̀mú, kí ìran tó ń bọ̀ lè rí ohun tí àwọn baba wọn jẹ. Èyí wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú alásè wò ó. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọ̀la bàjẹ́ ní alẹ́ kan. Èyí tí wọ́n tọ́jú nítorí ìsinmi pé ọjọ́ méjì láìbàjẹ́. Èyí tí wọ́n tọ́jú fún ẹ̀rí kò bàjẹ́ rárá. A jẹ́ pé ìbàjẹ́ náà kò sí nínú oúnjẹ. Ìdí tí èèyàn fi gbé e pamọ́ ló ń sọ iye ọjọ́ tó máa lò.

Àwọn rábì Júù ro èyí gan-an. Nínú Támúdì ti Bábílónì, ní ìpín Yómà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi Rábì Ṣímọ́nì ọmọ Yóháì léèrè pé kí ló dé tí mánà kò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, kí gbogbo èèyàn sinmi? Ó fi àkàwé dá wọn lóhùn. Ọba kan ń fún ọmọ rẹ̀ ní oúnjẹ ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ náà ò sì yọjú sí i àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọba yí i padà, ó wá ń fún un ní ti òòjọ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní aginjù: ní alaalẹ́, òkè ni ojú rẹ̀ á wà, torí pé bí mánà ò bá rọ̀ lọ́la, ebi á pa gbogbo wọn. Àwọn òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì mọ̀ pé ọba yẹn gbọ́n. Ọmọ tí wọ́n fún ní owó sáà kan lẹ́ẹ̀kan náà kì í tètè rántí nọ́ńbà fóònù ilé.

Títí di òní, ìdílé Júù tó ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ máa ń gbé búrẹ́dì méjì kalẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ìpín méjì ti ọjọ́ kẹfà. Aṣọ á wà lábẹ́ rẹ̀, aṣọ á sì wà lórí rẹ̀, bí ìrì ṣe wà lókè àti nísàlẹ̀ mánà.

Báwo ló ṣe rí lẹ́nu? Ẹ́kísódù ní ó dà bí àkàrà pẹlẹbẹ tí a fi oyin ṣe. Númérì orí 11 ní ó dà bí òróró tuntun. Àwọn rábì kò rí ìjà nínú èyí. Wọ́n ní bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń rí oríṣiríṣi adùn nínú ọmú ìyá rẹ̀ ni Ísírẹ́lì ṣe rí i nínú mánà. Síbẹ̀, ó sú wọn. Ẹja ni wọ́n ń sunkún, àti apálá, bàrà, àlùbọ́sà àti aáyù Íjíbítì. Ó yẹ kí ẹkún yìí yé gbogbo Yorùbá tó ti wá irú àti ata rodo kiri Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù nínú òtútù. Oúnjẹ ilé kì í kúrò lọ́kàn, ì báà jẹ́ pé ilé gan-an ló lé èèyàn jáde.

Nígbà tó yá, nínú Diutarónómì orí 8, Mósè sọ ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀: Ọlọ́run jẹ́ kí ebi pa wọ́n, ó sì fi ohun tí wọn ò mọ̀ rí bọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu Ọlọ́run jáde ló ń gbé ẹ̀mí èèyàn ró, kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Jésù fi dá Sàtánì lóhùn ní aginjù nígbà tó ní kó sọ òkúta di àkàrà. Láti ibẹ̀ ni mánà ti di àpẹẹrẹ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí ìjọ Deeper Life fi pe ìwé ìfọkànsìn wọn ní Daily Manna. (Ẹni tó bá ń ka ti ọjọ́ méje pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ Sátidé, kó rántí ìdin.)

Ṣé mánà tiẹ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn lè rí? Àwọn Bedouin tó ń gbé Sínáì máa ń ṣa nǹkan dídùn kan lábẹ́ igi tamarisk, “man” ni wọ́n sì ń pè é. Nínú ìrìn-àjò ìwádìí tí Yunifásítì Hébérù ti Jerúsálẹ́mù ṣe lọ síbẹ̀ ní 1927, Friedrich Simon Bodenheimer, onímọ̀ nípa kòkòrò, fi hàn pé kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara igi náà mu ló ń ta á sílẹ̀ bí ẹ̀kán omi dídùn, tí afẹ́fẹ́ aginjù á sì mú kó gbẹ. Èmi ò rí ohun tó burú nínú àlàyé yìí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ìgbà díẹ̀ lọ́dún ni nǹkan náà máa ń wà, kò pọ̀ tó ohun tó lè bọ́ ìlú, kòkòrò kò sì mọ ọjọ́ Jímọ̀ yàtọ̀ sí Sátidé. Ìyẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìtàn náà.

Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ ọ́n. Al-Kùránì dárúkọ mánà pẹ̀lú àparò nínú súrà Al-Bàkárà, Al-Áráfù àti Tọ́ọ̀-Hà, “mann” sì tún túmọ̀ sí oore ní èdè Lárúbáwá. Nínú súrà Al-Máídà, àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì Ísà ni wọ́n bèèrè fún tábìlì oúnjẹ láti ojú ọ̀run. Tábìlì yẹn ni wọ́n fi sọ súrà náà lórúkọ.

Ní ti àwọn Kristẹni, ọ̀rọ̀ kan nínú Àdúrà Olúwa, níbi tí a ti ń tọrọ oúnjẹ, ló gbé mánà wá sínú ilé wa. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Mátíù àti Lúùkù lò fún oúnjẹ náà, epiousios, kò sí níbòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun. Origen, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta, rò pé àwọn oníhìnrere fúnra wọn ló dá a. Jerome, tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, túmọ̀ rẹ̀ nínú Mátíù sí oúnjẹ tó ga ju ohun ayé lọ, ó sì fi í sílẹ̀ bí oúnjẹ ojoojúmọ́ nínú Lúùkù. Ó tún sọ pé òun rí i nínú ìhìnrere kan tó jẹ́ ti àwọn Hébérù pé “ti ọ̀la” ni. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde lódindi ní 1884, “òòjọ́” ni wọ́n mú. Ní tèmi, wọ́n mú un dáadáa. Oúnjẹ òòjọ́ ni èyí tó tó ọjọ́ kan, tí kò ṣẹ́kù fún ọ̀la: gàrí tí alágbàṣe fi owó iṣẹ́ ọjọ́ kan rà bó ṣe ń darí lọ sílé. Ómérì kan lórí ẹnì kan nìyẹn.

Jòhánù orí 6 ni ìtumọ̀ náà ti yí padà. Jésù fi ìṣù àkàrà bálì márùn-ún àti ẹja méjì bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún wá a dé Kápénáúmù, wọ́n ń rán an létí pé àwọn baba àwọn jẹ mánà ní aginjù. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó máa rọ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Ó dá wọn lóhùn láìfi bò: àwọn tó jẹ mánà ti kú. Ó ní òun fúnra òun ni oúnjẹ tó ti ọ̀run wá. Ohun jíjẹ ti di ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìjọ kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀: Kátólíìkì gbà pé ara Kristi gan-an ni oúnjẹ orí pẹpẹ, àwọn mìíràn sì ní ìrántí ni.

Pọ́ọ̀lù ní tiẹ̀ kò wo òkè, òṣùwọ̀n ló wò. Nígbà tó ń bẹ àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n dáwó fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, ọ̀rọ̀ ómérì ló fà yọ: ti ẹni tó kó púpọ̀ kò lé, ti ẹni tó kó díẹ̀ kò dín. Mo ti jókòó síbi ìdáwó tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú mi kí wọ́n ka ẹsẹ yìí.

Ìwé Jọ́ṣúà orí 5 sọ bí mánà ṣe parí. Ní Gílígálì, wọ́n jẹ èso ilẹ̀ Kénáánì. Ní ọjọ́ kejì, mánà dáwọ́ dúró. Kò sí ìkéde, kò sí ìdágbére. Èyí tó wà nínú ìkòkò nìkan ló kù, ìwé Hébérù sì ní wúrà ni ìkòkò náà, inú Àpótí Májẹ̀mú ló sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé Àpótí náà wọ tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì, wàláà òkúta méjì nìkan ni wọ́n sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Ìtàn àwọn Júù ní nígbà tí ọba Jòsáyà fi Àpótí náà pamọ́, ìkòkò mánà bá a lọ. Àwọn kan sì ń retí pé ìṣúra mánà á tún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Mèsáyà bá fara hàn.

Irú ìrètí yìí ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ìwé Ìfihàn orí 2 sọ fún ìjọ tó wà ní Págámù, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí. Àwọn kan nínú ìjọ náà ń jẹ ẹran tí wọ́n fi rúbọ sí òrìṣà. Ẹran yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá kó tó rí. Gbangba ni wọ́n ti ń pín in. Ìlérí fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ni mánà tó fara sin, pẹ̀lú òkúta funfun kan tí wọ́n kọ orúkọ tuntun sí, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ àfi ẹni tó gbà á. Bí àwọn ará Págámù bá gbé mánà náà sọ́wọ́, tí wọ́n wò ó títí, tí wọ́n sì bèèrè pé kí lèyí, wọn kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.