Lẹ́tà Ńlá Tí Ó Ń Ṣí Ọ̀rọ̀

Bí ẹ bá ṣí àwọn ìwé kan, ẹ ẹ́ rí i pé lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orí ìwé tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ó lè ga tó ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n lè fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ni ìwúlò rẹ̀? Òun ni ó ń sọ fún ojú wa pé, "Ibí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Àṣà yìí ti pẹ́. Nígbà tí Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì ní ìlú Mainz, ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, ó fi àyè sílẹ̀ kí àwọn oníṣẹ́ ọnà lè fi ọwọ́ kun lẹ́tà ńlá sí i. Ní 1457, Fust àti Schöffer, ní ìlú kan náà, fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà ńlá aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ aró sínú ìwé Sáàmù.

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní XML, tí ó jáde ní 1998. A ó fi àmì sọ orúkọ apá kọ̀ọ̀kan: èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ó dà bí ìgbà tí a kọ orúkọ sára àpò ẹrù. Lẹ́yìn náà, a ó kọ àṣẹ lọ́tọ̀: "Níbi tí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bá wà, jẹ́ kí lẹ́tà tó ṣáájú ga tó ìlà mẹ́ta." Àṣẹ kan náà á ṣiṣẹ́ jákèjádò ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára o! Kọ̀ǹpútà lè ka Ọ̀ sí nǹkan méjì: Ọ, àti àmì orí rẹ̀. Bí àṣẹ bá mú ọ̀kan, tí ó fi èkejì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. "Ọ̀kọ̀ ni ọdẹ mú lọ sóko" á di "Ọkọ̀ ni ọdẹ mú lọ sóko." Ohun tí ọdẹ fi ń gún ẹran ti di mọ́tò! Bákan náà, lẹ́tà kan ni Gb jẹ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n méjì ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ Ẹ, Ọ àti Ṣ, kí àmì ìsàlẹ̀ wọn má baà gun orí ìlà kejì.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ohun tí ó bá rí ni yóò kà. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ìwé ẹgbẹ́ yín, ẹ tẹ ojú ewé kan ná, kí ẹ kà á sókè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.