Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́-ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ńlá: Ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé

Bí ọmọ bá ti parí yunifásítì tàbí poli, tó sì ti gba ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, ìbéèrè tí gbogbo mọ̀lẹ́bí máa ń bi í kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ dà? Lára iṣẹ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí láti Lekki títí dé Ajah àti Ìbẹ́jú-Lekki, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ dùn létí púpọ̀. Òun ni èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń pè ní management trainee, ìyẹn ẹni tí wọ́n gbà wọlé láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá. Inú àwọn òbí máa ń dùn tí wọ́n bá gbọ́ ọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni iṣẹ́ náà ń sọni di ọ̀gá, àbí orúkọ lásán ni? Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé, nítorí pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀dọ́ bá fi ṣòfò ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀ kì í ṣeé gbà padà.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè lóye rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di mẹkáníìkì tàbí télọ̀ yóò lọ bá ọ̀gá, wọn yóò jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, yóò lo iye ọdún tí wọ́n dá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún un. Ìyàtọ̀ tó wà níbí ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Òun ló ń san owó oṣù fún un. Wọn yóò mú un káàkiri ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà. Yóò lo oṣù díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà, oṣù díẹ̀ níbi ìṣirò owó, oṣù díẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí, oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ètò náà máa ń gba ọdún kan sí mẹ́ta. Bí ọmọ náà bá yege, wọn yóò fún un ní ẹ̀ka kan tí yóò máa mójú tó, tàbí kí wọ́n fi í ṣe igbákejì ọ̀gá.

Ètò yìí kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Láti 1923 ni ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Unilever Nigeria lónìí ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí, nígbà tó ń jẹ́ Lever Brothers. Nígbà tí òmìnira sún mọ́lé, àti lẹ́yìn tí a gbà á ní 1960, irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ọmọ Nàìjíríà tí yóò gba ipò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1972, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1977, pé kí ọmọ onílẹ̀ ní ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì, sọ ọ̀rọ̀ náà di kàn-ń-pá. Bí wọ́n ṣe ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé nìyẹn, tí wọ́n ń kọ́ wọn láti ìsàlẹ̀.

Olóyè Ernest Shonekan, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sí Èkó, jẹ́ àpẹẹrẹ bí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba àkókò. Ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ni wọ́n gbà wọ UAC ní 1964. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni wọ́n lò kí wọ́n tó di alága àti ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà ní 1980. Ní 1993, wọ́n di olórí ìjọba fìdí-hẹ ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí pẹ̀lú èrò pé òun yóò di ọ̀gá lọ́dún kejì ti tan ara rẹ̀ jẹ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Èrè tó wà níbẹ̀

Èrè àkọ́kọ́ ni ìrírí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tí wọ́n gbà sí ẹ̀ka kan ṣoṣo lè lo ọdún márùn-ún láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá kejì. Akọ́ṣẹ́-ọ̀gá tí wọ́n bá mú káàkiri dáadáa yóò mọ bí ọjà ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde, ibi tí owó ń gbà sọnù, àti ìdí tí oníbàárà fi ń bínú. Bó bá ṣe pé ó fẹ́ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìmọ̀ yìí tó ohun tí èèyàn ń fi owó ńlá wá kiri.

Èrè kejì ni orúkọ. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ti ibẹ̀ wá. Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, tí ọgbà rẹ̀ sì wà ní Ajah níbí, máa ń fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ẹni tó ń bọ̀ wá kàwé gboyè MBA ti ṣe sẹ́yìn. Ìwé nìkan kò tó.

Èrè kẹta ni pé ilé-iṣẹ́ ń náwó lé ọmọ náà lórí. Kì í ṣe àánú ló ń ṣe wọ́n. Láti 1971 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ITF sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, òfin rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe ní 2011 sì ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ lè rí lára owó náà gbà padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọ̀gá, ó yẹ kó lè fi ètò ẹ̀kọ́ náà hàn ọ́ lórí ìwé.

Ibi tí gọ̀bì wà

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gọ̀bì àkọ́kọ́ ni pé kò sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo orúkọ yìí. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó fẹ́ kí èèyàn máa gbé ọjà kiri láti ojúlé dé ojúlé ní Langbasa àti Badore lè pe iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ akọ́ṣẹ́-ọ̀gá. Ilé ìfowópamọ́ mìíràn lè fún ọmọ ní orúkọ yìí, kó sì máa lé e kiri pé kó wá owó tí àwọn èèyàn yóò fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bọ́. Ọjà títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Àléébù ibẹ̀ ni kí wọ́n pe ọjà títà ní ìkọ́ṣẹ́ ọ̀gá, kí ọdún méjì kọjá, kí ọmọ náà má sì mọ ohun mìíràn.

Gọ̀bì kejì ni àwọn oníjìbìtì. Àìríṣẹ́ṣe ti mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa gba ohunkóhun gbọ́. Ẹ rántí ọjọ́ 15, oṣù kẹta, 2014, nígbà tí àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de, ìyẹn Immigration, pe àwọn tó ń wáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí fún ìdánwò. Wọ́n ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò pọ̀ kọjá àlà, èèyàn tí kò dín ní 15 sì kú níbi ìtì-mí-n-tì-ọ́. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìjọba, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí, tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí a wá sí ilé kan ní Sangotedo, kí a sì mú owó fọ́ọ̀mù dání? Ilé-iṣẹ́ gidi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́.

Gọ̀bì kẹta ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá náà lè kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní ìparí 2005, Shoprite ti orílẹ̀-èdè South Africa ṣí ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sínú The Palms ní Lekki. Ní oṣù kẹjọ 2020, ó kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò ra òwò náà, nígbà tó sì di 2021, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ní 2023, GlaxoSmithKline kéde pé òun ń pa òwò òun tì níbí, Unilever ní òun kò ní í ṣe ọṣẹ Omo, Sunlight àti Lux níbí mọ́, Procter & Gamble náà sì ní òun kò ní í ṣe ọjà níbí mọ́, pé òun yóò kàn máa kó o wọlé ni. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ tó ṣeé gbé lọ síbòmíràn kò ní í sunkún púpọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ló ní ni yóò jìyà.

Ìṣirò ọ̀nà Lekki

Ẹni tó bá ń gbé Ajah, tó sì ríṣẹ́ sí Victoria Island, gbọ́dọ̀ ṣírò kó tó yọ̀. Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí oníkálùkù sì fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní owó oṣù jẹ́ 200,000 náírà. Ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ 2,000 ní àlọ, 2,000 ní àbọ̀. Lọ́jọ́ 22 tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù, 88,000 ni. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá jẹ́ 2,000 lójúmọ́, 44,000 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 132,000. Ohun tó kù kò ju 68,000 lọ, kò sì tó 70,000 náírà tí òfin 2024 fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ. Ilé kò tíì jáde nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá, nígbà tí agbanisíṣẹ́ ń dá mẹ́wàá. Wákàtí tí èèyàn ń lò nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Jakande dé Ajah kò sì sí lára owó tí ẹnikẹ́ni ń san.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté ọkọ̀ ojú omi Lekki ní oṣù kìíní 2023, àti ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote tó lè fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, iṣẹ́ ti ń wà ní ìhà Ìbẹ́jú-Lekki. Ẹni tó ń gbé Ajah tó ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ń kẹ̀yìn sí ibi tí ọ̀pọ̀ èrò ń lọ ni. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò dùn tó, tó sún mọ́ ilé, lè sàn fún òmíràn ju èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún ní Victoria Island.

Ohun tí òfin wí

Igi gangan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Abala keje nínú òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé àdéhùn wọn láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́, abala 91 òfin yìí kan náà yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso kúrò lára àwọn tó ń dáàbò bò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé orúkọ ọ̀gá tó dùn létí yẹn lè mú kí ọmọ náà bọ́ sẹ́yìn òfin, kó wá jẹ́ pé ìwé tó fọwọ́ sí nìkan ni yóò gbè é bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí a fọwọ́ sí ìwé láìkà á.

Ohun tó yẹ kí a wò jù nínú rẹ̀ ni bọ́ǹdì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ní bí ọmọ bá kúrò kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé, yóò san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ gidi, ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ iye owó náà sílẹ̀, kí ó sì máa dín kù bí oṣù ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ní kí o fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ẹ̀dà ni kí o fún un.

Ìbéèrè márùn-ún

Kí ọ̀dọ́ tó gba iṣẹ́ yìí, kó béèrè nǹkan márùn-ún pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èkínní, oṣù mélòó ni ìkọ́ṣẹ́ náà? Èkejì, ẹ̀ka wo ni òun yóò dé, yóò sì ti pẹ́ tó níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, bí òun bá yege, ipò wo ni, owó oṣù sì ń kọ́? Ẹ̀kẹrin, bí òun kò bá yege ńkọ́? Ẹ̀karùn-ún, níbo ni àwọn tí wọ́n gbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà báyìí? Ìbéèrè karùn-ún yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ti di alábòójútó, ìkọ́ṣẹ́ náà ní fìrídọ̀ọ̀mù. Bí kò bá sí ẹyọ kan tó kù níbẹ̀, kí ọmọ náà ronú dáadáa.

Èrò wa ni pé iṣẹ́ yìí ṣeé gbà, ó sì dára, fún ẹni tí kò tíì mọ ẹ̀ka tó fẹ́, tó lè fara da gbígbé láti ìlú kan sí òmíràn, tó sì rí ìdáhùn gidi sí àwọn ìbéèrè yìí. Ẹni tó ti ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìmọ̀ tó dá lórí nǹkan kan, bí ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí kọ̀ǹpútà, lè tètè gòkè jù bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti nílò ìmọ̀ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ètò yìí kì í sì í gba ẹni tó bá ti ju ọdún 26 tàbí 28 lọ, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó pe àwọn ará àdúgbò jọ pé ọmọ yín ti di ọ̀gá, ẹ bá a ka ìwé náà tán.