Iṣẹ́ Àárò Àwọn Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni orílẹ̀-èdè Gabon, tí Libreville jẹ́ olú ìlú rẹ̀, gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Nàìjíríà gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ni ó ní ìwé, tí ó ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì nílò àwọn tí yóò máa tọ́jú ìwé wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ Libreville tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìkàwé ní ọdún náà, òkè òkun ni yóò gbà lọ. Ti Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1960 gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ fún irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́léèjì Ìbàdàn.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Àwọn kan yóò sọ pé Nàìjíríà pọ̀ ju Gabon lọ ní iye ènìyàn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n pípọ̀ nìkan kì í kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni ipa tí ẹgbẹ́ kékeré kan kó nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé kì í ṣe kí a jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí a máa ṣọ́ ẹni tí yóò jí ìwé gbé, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Bí ìwé bá di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń sọ, ẹni tí ó ń wá ìwé nípa àrùn kòkó lè wá a láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má rí i, bẹ́ẹ̀ ìwé náà wà níwájú rẹ̀.

Kí ó tó di ọdún 1953, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní Achimota, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n kọ́ àwọn díẹ̀ ní ọdún 1944, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí kò lè lọ sí Ìlú Ọba a máa fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ilé ìkàwé tí kò fi ojú kàn rí ni ó sì ń kà nípa rẹ̀.

Ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ ọdún 1953, Àjọ UNESCO pe àpérò kan sí Ìbàdàn lórí bí ilé ìkàwé fún gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Lẹ́yìn àpérò náà, ní ọdún 1954, ni a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WALA. Ọ̀gbẹ́ni John Harris, tí ó ti New Zealand wá ṣe olórí ilé ìkàwé Yunifásítì Kọ́léèjì Ìbàdàn ní ọdún 1948, wà lára àwọn òpó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Akọ̀wé ní láti kọ lẹ́tà sí Freetown àti sí Accra kí ó sì dúró de èsì. Akápò ní láti máa rán àwọn ènìyàn létí owó ẹgbẹ́ títí wọn yóò fi máa sá fún un. Olóòtú ìwé ìròyìn wọn, WALA News, ní láti máa bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n kọ nǹkan fún un. Gbogbo èyí, lẹ́yìn iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń gba owó lé lórí.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Nínú àárò, bí a bá ro oko tèmi lónìí, a ó ro tìrẹ lọ́la. Ó yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, níbi tí olóko yóò ti pe ènìyàn, tí yóò sì bọ́ wọn yó. Àárò ni mo ka iṣẹ́ ẹgbẹ́ sí, àfi pé oko tí a ń ro lè jẹ́ ti ẹni tí kò tíì dé inú iṣẹ́ náà rárá. Ẹni tí ó ti yege ìdánwò rẹ̀ kò tún nílò ilé ẹ̀kọ́ fún ara rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ó ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀bẹ̀ náà sì so èso. Ẹgbẹ́ yìí tọ àjọ Carnegie ti New York lọ fún owó. Ní ọdún 1957, àjọ náà rán Harold Lancour láti Yunifásítì Illinois wá wo bí ilé ìkàwé ti rí ní àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó kọ ìròyìn rẹ̀, Carnegie fi owó sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé ìrẹ́pọ̀ nìkan ni ó wà láàárín wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1963 ó yí padà: ẹni tí ó ti gba oyè yunifásítì ni ó ń gbà. Àwọn kan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, kí olùtọ́jú ìwé lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó láìtijú. Àwọn mìíràn bèèrè pé, ta ni yóò wá kọ́ àwọn tí kò ní oyè, tí ilé ìkàwé ìlú kéékèèké wà lọ́wọ́ wọn? Ní ọdún 1968 ni Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tí ó ń kọ́ ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di oyè. Lójú tèmi, irú iyàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó dára jù lọ tí ẹgbẹ́ lè jà lé lórí.

Nígbà tí òmìnira dé, WALA kò lè dúró bí ó ti wà. Ní ọdún 1962, ẹ̀ka ti Nàìjíríà di ẹgbẹ́ àdádúró, Gánà náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Òfin Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà jáde ní ọdún 1964. Ní ọdún 1995 ni òfin gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tí ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé sílẹ̀. Ìjọba ni ó ni ìgbìmọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́tọ̀, ìfẹ́ inú ni a sì fi ń ṣe é.

Ní ti àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, Dakar ni ilé ẹ̀kọ́ wọn wà, láti ọdún 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé àti olùtọ́jú ìwé ìjọba àtijọ́ pọ̀. Èyí bá Libreville mu, nítorí abẹ́ ọ̀gá kan náà ni ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Gabon àti ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n láti Libreville dé Dakar lé ní 3,000 kìlómítà. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ tán tí ó padà sílé fi olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá gé owó ìwé rẹ̀, ta ni yóò bá a kọ lẹ́tà sí mínísítà? Ní ibi tí àwọn oníṣẹ́ kò ti pọ̀, bí ẹni kan bá rin ìrìn àjò, ìpàdé lè má wáyé. Níbẹ̀ gan-an ni a ti nílò ẹgbẹ́ jù, níbẹ̀ náà ni ó sì ti ṣòro jù.

Àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa a máa bèèrè pé, kí ni èrè wọn níbẹ̀? Ẹ̀tọ́ ni ìbéèrè náà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba ipò nínú ẹgbẹ́ nítorí kí a lè pe orúkọ wọn níbi àpéjọ; bí wọ́n bá ti di akọ̀wé tán, a kì í rí lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ń ṣe é tọkàntọkàn yóò kọ́ bí a ti ń darí ìpàdé àti bí a ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Yóò sì mọ ẹni tí ó lè yá a ní ìwé láti ìlú mìíràn.

Ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀, ó sì ń ṣe àpérò lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ sí ẹ̀ka tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì bèèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kò sí ẹni tí ó kọ ọ́, ó ti rí iṣẹ́ tí yóò ṣe nìyẹn.