Ìwé àti Ògiri: Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ lórí Àpòlù Ìkọ́lé Àwọn Ará Róòmù Àtijọ́

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráàyè wọ inú rẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́ títí, kò sí ògiri tí kì í lanu. Ìdí nìyí tí ilé tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn fi ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Òrùlé Pantheon ní ìlú Róòmù, èyí tí wọ́n parí ní ayé Ọba Hadrian (117–138), rí rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fẹ̀ tó mítà 43, kò sí irin tí a fi de inú rẹ̀, síbẹ̀ ó dúró títí di òní.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àpòlù tí wọ́n fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tí bíríkìlà ń pò, tí ó ń tẹ́ sáàárín òkúta kí wọ́n lè di ara wọn mú. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mọ̀ nípa rẹ̀: ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti ògiri fúnra rẹ̀. Èrò wa ni pé ọ̀kan kò tó láìsí èkejì.

2.0 Ohun tí Vitruvius Wí

Vitruvius, ayàwòrán-ilé ní ayé Ọba Augustus, kọ ìwé mẹ́wàá lórí ilé kíkọ́ ní èdè Látìn ní nǹkan bí ọdún 30 sí 20 ṣáájú ìbí Kristi. Nínú Ìwé Kejì, ó ní kí a sun òkúta ẹfun, kí a paná rẹ̀, kí a wá pò ó mọ́ yanrìn. Bí ó bá jẹ́ yanrìn tí a wà nínú ilẹ̀, ìwọ̀n mẹ́ta yanrìn sí ọ̀kan ẹfun ni. Bí ó bá jẹ́ ti odò tàbí ti òkun, méjì sí ọ̀kan ni. Ó tún sọ nípa erùpẹ̀ kan ní agbègbè Baiae àti òkè Vesuvius, tí ó jẹ́ pé bí a bá pò ó mọ́ ẹfun àti òkúta wẹ́wẹ́, yóò le koko, kódà lábẹ́ omi òkun.

Ẹfun tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹfun Ọbàtálá, tí ó jẹ́ amọ̀ funfun. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì ni a ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí Vitruvius lò fún èyí tí omi ti kàn lẹ́yìn sísun ni ‘extincta’, ìyẹn ‘èyí tí a ti paná rẹ̀’. Èyí tí omi kò tíì kàn ni wọ́n ń pè ní ‘viva’, ìyẹn ‘ààyè’. Orí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni àríyànjiyàn dá lé.

3.0 Bí Ẹfun Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Bí a bá sun òkúta ẹfun títí ooru rẹ̀ fi tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ kábọ́nì-dàọ́ksáìdì a jáde kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹfun ààyè. Bí omi bá kàn án, a hó yaya, a sì gbóná gidigidi kí ó tó rọlẹ̀. Bí a bá fi èyí tí ó ti rọlẹ̀ kọ́lé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gba afẹ́fẹ́ tí ó sọ nù padà, tí yóò sì tún di òkúta.

Ṣùgbọ́n irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè dé àárín ògiri tí ó nípọn, áńbọ̀sì abẹ́ òkun. Ibẹ̀ ni erùpẹ̀ Vitruvius ti wúlò, nítorí pé eérú òkè oníná ni. Sílíkà àti álúmínà inú rẹ̀ a máa para pọ̀ mọ́ ẹfun, wọn a sì di ohun líle láìdúró de afẹ́fẹ́.

4.0 Ẹ̀rí Inú Ògiri

Láàárín ọdún 2002 sí 2009, àwọn awalẹ̀pìtàn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ROMACONS lu ihò sínú àwọn èbúté Róòmù àtijọ́ ní etí òkun Mẹditaréníà, wọ́n sì yọ àpòlù inú wọn jáde. Ní ọdún 2017, Marie Jackson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi òkun tí ń wọ inú irú àpòlù bẹ́ẹ̀ ń yọ́ eérú inú rẹ̀, tí kírísítálì tobermorite tuntun sì ń hù nínú àwọn ihò tín-ín-tìn-tín. Omi òkun tí ń mú irin inú kọnkéré òde òní dípẹtà ni ó ń fún tiwọn lókun. Níhìn-ín, ìwé àti ògiri fohùn ṣọ̀kan.

Ibi tí wọ́n ti yapa ni ọ̀rọ̀ àwọn kóro ẹfun funfun tí ó pọ̀ nínú àpòlù náà. Nínú Ìwé Keje, níbi tí Vitruvius ti ń sọ nípa ẹfun tí a fi ń rẹ́ ògiri, ó ní bí irin iṣẹ́ bá ń pàdé kóro nínú ẹfun, ẹfun náà kò tíì rẹ dáadáa. Ó rọrùn, nígbà náà, láti ka kóro wọ̀nyí sí àìfarabalẹ̀ bíríkìlà, bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ṣe kà wọ́n nìyẹn.

Ní ọdún 2023, Admir Masic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi máíkírósíkóòpù yẹ àpòlù ògiri ìlú Privernum wò. Ìrísí kóro náà fi hàn pé inú ooru gbígbóná ni wọ́n ti wáyé: ẹfun ààyè ni wọ́n pò mọ́ eérú kí wọ́n tó bu omi sí i. Àwọn onímọ̀ náà pò irú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ó sán, wọ́n sì ń da omi gba ojú sísán náà kọjá. Omi yọ́ nínú kóro ẹfun, ẹfun náà sì dì sí ojú sísán. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, omi kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ti èyí tí kò ní ẹfun ààyè nínú kò dí. Ògiri lanu, ó sì pa ẹnu ara rẹ̀ dé.

Ní ọdún 2025, ẹ̀rí mìíràn jáde láti Pompeii, nínú ilé kan tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́ nígbà tí Vesuvius bú gbàmù ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi. Wọ́n bá òkìtì ẹfun ààyè tí a ti pò ní gbígbẹ mọ́ eérú, tí ó ń dúró de omi.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ṣé Vitruvius purọ́ ni? Rárá o. Ó tó nǹkan bí 100 ọdún tí ó ti kọ̀wé kí Pompeii tó parun, ọwọ́ iṣẹ́ sì lè yí padà láàárín àsìkò bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òfin tí ó bá ìrẹ́giri mu lè má bá ìmọlé mu. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ fi ògiri ìlú méjì ṣèdájọ́ gbogbo ilẹ̀ ọba Róòmù, kí a sì rántí pé àwọn ilé wọn tí ó ti wó kò sí nílẹ̀ mọ́ láti jẹ́rìí.

Ìwádìí yìí kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 kábọ́nì-dàọ́ksáìdì tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sí ojú ọ̀run ni ó ń wá láti ibi ìpèsè sìmẹ́ńtì. Bí ilé bá lè pẹ́ sí i, sìmẹ́ńtì tí a ó máa sun yóò dín kù. Ní ti àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí akọ̀wé mọ̀ ni ó ń kọ; ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè má dé inú ìwé láéláé. Nítorí náà, bí a bá ti ka ìwé tán, kí a tún lọ wo ògiri.